Àkurákudà onímú ṣóńṣó: ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí nípa ẹja tí ọmọ bíbí rẹ̀ kò lè bá àwọ̀n

Tí ènìyàn bá gbọ́ "àkurákudà", eyín àti ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí kò tilẹ̀ gùn tó ọkùnrin tó dúró, kò sì sí àkọsílẹ̀ pé ó bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Àwa ènìyàn ni a ń jẹ ẹ́. Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń wọlé jù jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Irú ẹja wo nìyí gan-an?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Isogomphodon oxyrhynchus. Èdè Gíríìkì ni, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni "eyín tó dọ́gba bí ìṣó" àti "imú ṣóńṣó". Àwọn ará Jámánì méjì, Müller àti Henle, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1839, láti ara èyí tí wọ́n rí gbà láti Suriname. Àwọn apẹja Bràsíìlì ń pè é ní cação-quati. Quati jẹ́ ẹranko igbó kékeré kan lọ́hùn-ún tí imú rẹ̀ gùn, tó máa ń fi imú náà tú ilẹ̀ kiri. Ẹni tó bá rí ẹja náà yóò gbà pé orúkọ tí àwọn apẹja fún un dára ju ti ilé ìwé lọ. Èmi ń pè é ní onímú ṣóńṣó.

Nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀ ni àwọn ńlá wọn máa ń gùn, abo sì máa ń ju akọ lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú lókè, ó funfun lábẹ́. Òun nìkan ló kù láyé nínú ìran tirẹ̀. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò.

Kí ló dé tí imú rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, tí ojú rẹ̀ wá kéré?

Omi tó ń gbé ló fà á. Odò Amazon ń tú ẹrẹ̀ jáde sínú òkun láìdáwọ́ dúró, ìṣàn òkun sì ń wọ́ ẹrẹ̀ náà lọ sí etíkun ibẹ̀. Omi náà rí bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ojú ńlá kò wúlò nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Gbogbo àkurákudà ló ní ihò tíntìntín ní imú, tí wọ́n fi ń gbúròó iná mànàmáná kékeré tó wà lára ohun ẹlẹ́mìí yòówù tó bá ń mira. Imú tó fẹ̀ tó sì gùn ní ààyè púpọ̀ fún irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹja kéékèèké tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ló ń jẹ. Eyín rẹ̀ tín-ínrín, ó mú bí abẹ́rẹ́, ó sì pọ̀: ìlà bí 50 lókè, bí 50 nísàlẹ̀. Irú eyín yìí dára fún dídi ẹja mú kó tó gbé e mì. Kò lè gé ẹran.

Ibo ló ń gbé? Ṣé a lè rí i ní Èkó tàbí ní Kútọnu?

Rárá o. Etí òkun àríwá Amẹ́ríkà Gúúsù nìkan ló wà: láti agbègbè Trinidad, gba Guyana, Suriname àti Guyane tí Faransé ń ṣàkóso, títí dé ìpínlẹ̀ Amapá, Pará àti Maranhão ní Bràsíìlì. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Omi tí kò jìn ló fẹ́, mítà 4 sí 40: inú ọ̀sà, ẹnu odò, àti iwájú igbó ẹ̀gbà, àwọn igi etí omi tí gbòǹgbò wọn máa ń dúró síta bí ẹsẹ̀ àga. Igbó ẹ̀gbà tó wà ní Pará àti Maranhão wà lára èyí tó gùn jù láyé tí kò já. Ní Maranhão, omi òkun lè lọ sókè tó mítà 7 nígbà tó bá kún; bó bá sì fà, ọkọ̀ ojú omi á jókòó sórí ẹrẹ̀ kalẹ̀.

Kí ló burú nínú kí ẹja jẹ́ ti ibì kan ṣoṣo?

Kò sóhun tó burú ńbẹ̀ títí ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbi kan ṣoṣo náà. Oríṣi àkurákudà mìíràn wà tí wọ́n ń pa ní Gánà, tí wọ́n ń pa ní Íńdíà, ṣùgbọ́n tí àwọn tó wà ní Australia ṣì kù, tí ọmọ wọn lè tàn ká padà tó bá yá. Ti onímú ṣóńṣó kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lè sá lọ sí àárín agbami torí omi ibẹ̀ mọ́ jù, ó sì jìn jù fún un. Kò lè sá wọ inú odò torí ó fẹ́ iyọ̀ díẹ̀. Ìlà omi aláwọ̀ ẹrẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ilé rẹ̀, ìlà yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ apẹja ń na àwọ̀n sí, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré lè dé.

Báwo ló ṣe ń bímọ?

Bíi ti ewúrẹ́ ló fẹ́ rí ju ti ẹja lọ. Ìyá kì í yé ẹyin sómi. Inú rẹ̀ ni ọmọ ń wà fún nǹkan bí ọdún kan, pẹ̀lú ibi ọmọ àti ìwọ́ tó so ọmọ mọ́ ìyá. Ọmọ 2 sí 8 ló máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 ni ọmọ máa ń gùn tí wọ́n bá bí i, ó sì ti mọ̀ ọ́n wẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n jẹ. Ìyá kì í tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bó bá bímọ lọ́dún yìí, á fi ọdún tó tẹ̀ lé e sinmi, á tún ara rẹ̀ ṣe kó tó tún lóyún. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tí kò jìn ní etí òkun Maranhão jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo wà ní ọjà ẹja kan ní Èkó láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìyá kan tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó to àkurákudà kéékèèké márùn-ún lé e lórí. Oríṣi tiwa ni, kì í ṣe onímú ṣóńṣó. Mo ní kó bá mi gé ọ̀kan. Bó ṣe là á nínú báyìí, ọmọ mẹ́rin yọ̀ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju ọwọ́ mi lọ díẹ̀, ojú wọn ti là, ìwọ́ ṣì wà lára wọn. Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ̀ní ni mo fi ṣe fún yín o, mi ò gbowó lé wọn." Kò yà á lẹ́nu rárá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé abo kan tó wọ àwọ̀n lè jẹ́ ẹja márùn-ún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ẹja?

Àkurákudà kò ní eegun líle. Eegun rírọ̀ ló ní, irú èyí tó wà ní etí àti imú tiwa. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gba kálísíọ̀mù sára, ó sì máa ń fi àmì sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ á yọ oríkèé kan lára eegun ẹ̀yìn náà, wọ́n á fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ayùn wẹ́wẹ́ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi tí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Tí wọ́n bá fi sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n á rí òrùka lórí òrùka, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, bíi kùkùté igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Dúdú kan pẹ̀lú fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ọdún kan. Ènìyàn méjì ló máa ń kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, wọ́n á tún un kà.

Ọ̀nà yìí ni Rosangela Lessa, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Universidade Federal Rural de Pernambuco, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ka ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n rí ní Maranhão. Akọ máa ń bàlágà ní ọdún 5 sí 6, abo ní ọdún 6 sí 7. Abo tó dàgbà jù nínú èyí tí wọ́n kà jẹ́ ọmọ ọdún 12.

Ọmọ mélòó ni abo kan lè bí kó tó kú?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú bébà ká jọ ṣe é. Ìṣirò ọwọ́ lásán ni tèmi, ti àwọn onímọ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní abo kan bàlágà ní ọdún 7. Ó lóyún, ó bí àkọ́bí rẹ̀ ní ọdún 8. Ó sinmi, ó bí ìkejì ní ọdún 10, ìkẹta ní ọdún 12. Ká ní ọmọ márùn-ún ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, ọmọ 15 nìyẹn ní gbogbo ayé rẹ̀. Ìdajì á jẹ́ akọ, ìdajì á jẹ́ abo: abo méje àtààbọ̀. Kí iye wọn nínú omi má bàa dín, ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí gbọ́dọ̀ pé ọdún 7 kó lè rọ́pò ìyá.

Bí ẹja mẹ́ta nínú mẹ́rin bá ń la ọdún kọ̀ọ̀kan já, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abo 7.5 náà, ẹ fi 0.75 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀méje: ọ̀kan gééré lẹ óò rí. Ìyẹn ni pé ìyá ń rí arọ́pò kan ṣoṣo, kò sí èlé. Ó ń jẹ, kò sì yó, ṣùgbọ́n kò kú.

Nísinsìnyí ẹ mú àwọ̀n wọlé. Ká ní ìdajì péré ló ń la ọdún já. Ẹ tún un ṣe. Ohun tó kù kò ju 0.06 lọ. Nínú abo ọgọ́rùn-ún, mẹ́fà ni yóò rí ọmọbìnrin tó máa gba ipò rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ní gbogbo ìgbà yìí, mo ṣì fi ẹ̀bùn fún ìyá pé ó pé ọdún 12 láìwọ àwọ̀n. Mẹ́ta nínú mẹ́rin àti méjì nínú mẹ́rin kò jìnnà síra létí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni kí ẹja wà àti kó má sí.

Ẹ fi wé àrọ̀ tí ẹ ń sìn. Abo àrọ̀ kan tó tóbi dáadáa lè yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lè ṣe é kí ó tó pé ọdún méjì. Bí ẹ bá pa ìdajì àrọ̀ inú odò lọ́dún yìí, òjò ọdún tó ń bọ̀ lè san gbèsè náà. Ẹja tó ń bí ọmọ márùn-ún ní ọdún méjì kò ní ohun tó máa fi san án.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ohun tó wà lábẹ́ omi dúdú?

Ẹni tó fẹ́ ka ewúrẹ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo nírọ̀lẹ́. Ẹja òkun kì í wọlé nírọ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á wo iye tó wọ àwọ̀n, wọ́n á pín in sí gígùn àwọ̀n náà àti iye wákàtí tó fi wà lómi. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bí àwọ̀n kan náà bá ń mú ẹja tó dín sí i, agbo ń dín nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọjọ́ orí àwọn tó wọ àwọ̀n ṣírò ìwọ̀n tí ikú fi ń pa wọ́n: bí ọmọ ọdún 3 bá pọ̀ tí ọmọ ọdún 8 kò sí, ohun kan ń pa wọ́n kí wọ́n tó dàgbà.

Iṣẹ́ náà ní ìdíwọ́ tó ń bí mi nínú. Ní èbúté, wọn kì í kọ orúkọ ẹja yìí. "Cação" ni wọ́n ń kọ fún gbogbo àkurákudà kéékèèké pátá, bí ẹni tó kọ "ẹran" sínú ìwé láìsọ bóyá màlúù ni tàbí ìgalà. Ní nǹkan bí 2011 sì ni àkọsílẹ̀ ẹja pípa ti gbogbo orílẹ̀-èdè Bràsíìlì dáwọ́ dúró. Orílẹ̀-èdè tí etíkun rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀! Nítorí náà, iṣẹ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣe ní Maranhão láti àwọn ọdún 1980 ni a fi ń wo ìyókù.

Wọ́n ní ó ń dín ní ìdá 18.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ṣé ìyẹn pọ̀?

Ó pọ̀ o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹja 1,000. Lẹ́yìn ọdún kan ó ku 816. Ọdún kejì, 666. Ọdún kẹta, 543. Ọdún kẹrin, ó ti kọjá ìdajì, 443. Ní ọdún kẹwàá, 131 ló kù. Abo tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra láti bí oyún kejì ni, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn ẹgbẹ́ agbo rẹ̀ ti lọ.

Nítorí irú ìdínkù yìí ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú ewu, ti fi í sí ipò ewu tó le jù, èyí tó kàn ku kí wọ́n ní ó ti tán. Láti 2006 ló ti wà ní ipò náà, wọn kò sì tíì yọ ọ́ kúrò. Ní 2016 ni Lessa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde lórí bí ó ṣe wó lulẹ̀ ní Bràsíìlì.

Ta ló ń pa á?

Kò sẹ́ni tó ń wá a. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Ẹja méjì ni àwọn apẹja ń lé: serra, tó jẹ́ ìbátan Títù tí ẹ ń rà nínú fíríìsà, àti pescada amarela, ìbátan ẹja tí a ń pè ní croaker. Wọ́n á na àwọ̀n tó dúró sínú omi bí ògiri, tó lè gùn ju kìlómítà kan lọ, nígbà mìíràn lóru mọ́jú. Ohunkóhun tí orí rẹ̀ bá wọ ojú àwọ̀n ti há. Onímú ṣóńṣó ní láti máa rìn kí omi tó lè gba ihò ìmí rẹ̀ kọjá; bí àwọ̀n bá dá a dúró, á kú kí wọ́n tó fa okùn láàárọ̀.

Pescada amarela yìí ní owó nínú jù bí ẹ ṣe rò lọ. Àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní grude, ni wọ́n ń sá gbẹ tí wọ́n ń kó lọ sí Éṣíà, níbi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ti ń fi se ọbẹ̀. Kílò grude kan wọ́n ju ẹran ẹja náà fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Apẹja tó bá rí èyí tó tóbi méjì lóru kan ti rí owó epo ọkọ̀ padà. Kò sí ìwàásù tó lè mú un ká àwọ̀n rẹ̀ kúrò lómi.

Ṣé àwọn apẹja ni ká máa bá wí, àbí?

Tèmi ni pé rárá. Ọ̀pọ̀ wọn ní ọkọ̀ onígi kan, gbèsè epo, àti ọmọ nílé ìwé. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ mọ̀ pé cação-quati ti wọ́n, kí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó mọ̀. Àwọn àgbà wọn rántí ìgbà tó máa ń wọ àwọ̀n lemọ́lemọ́. Ẹni tó ń ra grude kò mọ̀ pé ẹja kan tó ń jẹ́ onímú ṣóńṣó wà láyé. Bí a bá fẹ́ na ìka sí ẹnìkan, ẹ jẹ́ ká na án jìnnà díẹ̀.

Òfin ńkọ́?

Òfin wà. Bràsíìlì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ẹja tó wà nínú ewu ní 2004. Ní oṣù Kejìlá 2014, wọ́n gbé òfin tí wọ́n ń pè ní Portaria 445 jáde, tó ka pípa irú ẹja bẹ́ẹ̀, gbígbé e wá sí èbúté àti títà á léèwọ̀. Àwọn oníṣòwò ẹja ńlá gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a dúró ní 2015 kó tó tún padà. Ní 2022, ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, tó wáyé ní Panama kó gbogbo ìdílé àkurákudà tí onímú ṣóńṣó wà nínú rẹ̀ sábẹ́ òfin òwò àgbáyé: kí ènìyàn tó kó o kọjá ẹnubodè, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òfin tó ní "ẹ má pa á" kò lè dá àwọ̀n tí kò mọ̀wé dúró. Ẹja ti kú kí ẹnikẹ́ni tó rántí òfin. Bí apẹja bá jù ú nù, ẹja náà ti ṣòfò. Bó bá gbé e wálé, ó ti rú òfin. Nítorí náà á gé orí rẹ̀ kúrò, á sọ ọ́ di cação.

Wọn ò ṣe tú u padà sómi?

Bó bá ṣì wà láàyè, wọ́n lè tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá nínú àwọ̀n, kì í sábà wà láàyè mọ́.

Wọn ò ṣe sìn ín bí àrọ̀?

Ẹ ti wo ìṣirò òkè yẹn? Ta ló máa bọ́ ẹja fún ọdún 7 kó tó rí oyún àkọ́kọ́?

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ará Bràsíìlì ń jẹ àkurákudà láìmọ̀?

Òótọ́ ni. Ní èdè Potogí, "tubarão" ni àkurákudà. Ṣùgbọ́n lórí káńtà ọjà, "cação" ni wọ́n ń kọ sí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ẹja mìíràn ni. Bràsíìlì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń jẹ ẹran àkurákudà jù láyé, ó sì ń rà á wọlé láti òkè òkun. Ẹran rẹ̀ kò ní ẹ̀gún, kò wọ́n, àwọn ọmọdé lè jẹ ẹ́. Mi ò bá ẹni tó rà á wí. Orúkọ tí wọ́n fi bò ó lójú ni mo ń bá jà.

Kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Maranhão?

Ó kàn wá díẹ̀. Ní São Luís, olú ìlú Maranhão, Casa de Nagô wà níbẹ̀, ilé òrìṣà tí àwọn obìnrin tó ti ilẹ̀ wa lọ dá sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kò sì jìnnà sí Casa das Minas tí àwọn ará Dahomey dá sílẹ̀. Omi tí onímú ṣóńṣó ń gbé ni ọkọ̀ tó kó wọn wá gbà wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò ní fi ipá so ó mọ́ wa. Ẹja tiwọn ni.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń bẹ létí òkun tiwa. Ẹja tó ní ayùn lẹ́nu, ìbátan àkurákudà, ti wà rí láti Senegal sísàlẹ̀. Àwọ̀n bíi ti Maranhão náà ló kó o tán ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, torí ayùn rẹ̀ kì í yọ lára àwọ̀n.

Kí ló lè mú iye wọn gòkè padà?

Ẹ padà sídìí ìṣirò. Ọ̀nà méjì ló wà láti mú iye wọn pọ̀: kí ìyá máa bí ọmọ púpọ̀ sí i, tàbí kí àwọn tó wà láyé máa kú díẹ̀ sí i. Àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkejì ló kù, nínú ìkejì náà, àwọn abo tó ti fẹ́ bàlágà ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn ni wọ́n ti la ọdún mẹ́fà já; bí wọ́n bá kú nígbà náà, gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti jóná.

Ohun tó lè ṣe é ni pé kí àwọ̀n má wọ àwọn omi kan rárá, pàápàá lásìkò òjò tí ọmọ máa ń wà ní tòsí, kí wọ́n sì dín wákàtí tí àwọ̀n fi ń wà lómi kù. Ilẹ̀ tó ṣeé bẹ̀rẹ̀ lé wà. Reentrâncias Maranhenses, etí òkun tó kún fún ọ̀sà àti ẹ̀gbà ní ìwọ̀ oòrùn São Luís, ti wọ ìwé Ramsar ti àwọn ilẹ̀ olómi pàtàkì lágbàáyé láti 1993. Ní Pará, Caeté-Taperaçu ní Bragança ti di ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ láti 2005, tí àwọn apẹja àti àwọn tó ń mú akàn nínú ẹ̀gbà fúnra wọn sì ń jókòó sí ìgbìmọ̀ rẹ̀. Irú èyí ni mo gbà gbọ́ jù. Ẹni tó mọ ibi tí cação-quati ń bímọ sí ju ìjọba lọ ló wà nídìí ìpinnu. Wàhálà rẹ̀ ni pé ààlà irú ibi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń parí sí ibi tí ẹ̀gbà parí sí, ẹja sì ń gbé níwájú ibẹ̀.

Ẹ má sì retí pé á yá. Bí wọ́n bá ká gbogbo àwọ̀n lónìí, ọmọ tí wọ́n bá bí lóru òní kò ní di ìyá kó tó tó ọdún 7 tàbí 8. Mínísítà mélòó ló máa ti pààrọ̀ kí ìyẹn tó pé?

Báwo ni màá ṣe dá a mọ̀ bí mo bá rí i?

Ẹ wo imú: ó gùn, ó pẹlẹbẹ, ó ní igun mẹ́ta bí ẹnu ṣọ́bìrì kékeré. Ẹ wo ojú: bíńtín, ó yíká. Lẹ́bẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ fẹ̀ gan-an. Kò sí àkurákudà mìíràn ní etí òkun yẹn tó pa àwọn mẹ́ta wọ̀nyí pọ̀. Ṣùgbọ́n méjì nínú wọn wà lórí, orí sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé kúrò nínú ọkọ̀. Ẹran tó bá ti dé ọjà láìní orí, DNA nìkan ló kù tó lè sọ orúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Pará ti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lórí ẹran tí wọ́n rà ní ọjà, tí wọ́n gé ìwọ̀n èékánná kan lára rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ọtí líle nínú ike kékeré, tí wọ́n sì kọ "cação" sára ike náà kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́.